Ẹnu Páìpù Ni Kí A Lọ Wò

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí níwájú àwọn onílé àti àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Èbúté Mẹ́ta. Mo tún un kọ díẹ̀ kí ó lè rọrùn fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ láti kà.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi bọ́ọ̀lù ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ wá gbọ́ mi, mo kí yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Mo mọ̀ pé a kì í pè é bẹ́ẹ̀ níwájú àgbà. A máa ń ní a fẹ́ gbọnsẹ̀, a fẹ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ foríjì mí lónìí. Bí a bá ń fi ọ̀rọ̀ bò ó, a kò ní mọ ibi tó ń lọ.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi a máa rán mi lọ ra edé gbígbẹ lọ́jà Òyìngbò. Bí mo bá ti rà á tán, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi a yà lọ sí etí ọ̀sà ní Ìdó lọ wo ọkọ̀ tánkà. Ọkọ̀ náà á máa fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ títí táyà rẹ̀ á fi kan etí omi. Ọmọ ọkọ̀ á bọ́ sílẹ̀, á so aṣọ mọ́ imú, á tú róbà kan tó nípọn bí itan àgbàlagbà, á ju ẹnu rẹ̀ sódò, á wá yí irin. Ohun tó ń tú jáde dúdú, ó sì tún láwọ̀ ewé. Ojú omi á máa hó fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, ìhó náà á tẹ́ lọ sí ọ̀nà afárá Carter. Lọ́jọ́ kan, bàbá kan wà nínú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ nítòsí ibẹ̀, ó ń ju àwọ̀n. Nígbà tí ìhó náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó kàn fi àjẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tún àwọ̀n jù.

Kí tánkà tó dé, agbépòó ló wà. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ wọ́n. Òru ni wọ́n ń rìn, garawa wà lórí, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́, ọmọ tó bá bú wọn rí pupa ojú wọn. Inú ọ̀sà yìí náà ni ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n rù nígbà yẹn ń parí sí. Ohun tí ọ̀làjú ṣe fún wa ni pé ó sọ garawa di tánkà. Ibi tí à ń dà á sí kò yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀sà wa ṣe rí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀sà Èkó tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu kan ṣoṣo ló fi ń bá òkun sọ̀rọ̀ láti ọdún dé ọdún, ìyẹn ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá ń gbà wọ Apápá. Omi òkun ń wọlé lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ó ń jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí a bá dà sí Ìdó láàárọ̀ lè ṣe bí ẹni ń lọ, kó sì tún bá omi padà wá nírọ̀lẹ́. Ẹni tó sọ pé òkun gbé e lọ kò tíì jókòó létí omi wò ó.

Kí wá ni ẹ̀gbin yìí ń ṣe nínú omi? Àkọ́kọ́ ni àìsàn, èyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ yé wa. Onígbáméjì tó jà ní Èkó ní oṣù Òkúdù 2024, inú omi tí ìgbẹ́ ti kàn ni irú àrùn bẹ́ẹ̀ ń gbé. Èkejì kò hàn sójú. Bí ìgbẹ́ bá wọ omi, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń mí, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó wà nínú omi ni wọ́n sì ń mí sínú, afẹ́fẹ́ kan náà tí ẹja nílò. Ẹni tó bá ti ń jí lọ sódò ní ìdájí á ti rí epìyà tó gbé ẹnu sókè, tó ń là á, tó ń pa á dé. Kì í ṣe pé ebi ń pa á. Kò rí èémí mí ni.

Ẹ̀kẹta ni ajílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá bàbá yín dáko mọ̀ pé ìgbẹ́ a máa mú irúgbìn ta. Náítírójìn tó wà nínú rẹ̀ ló ń ṣe é. Ó ń ṣiṣẹ́ kan náà nínú omi: ó ń bọ́ ewédò, ó ń bọ́ koríko tó ń léfòó. Láti 1984 tí ewé olódòdó àwọ̀ àlùkò yẹn ti gba odò Badagry wọ ọ̀dọ̀ wa, ìgbà òjò tí iyọ̀ omi bá dín ló ń bo ọ̀sà bí ẹní. Ẹ̀gbin wa wà lára oúnjẹ tó ń jẹ.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Kí ìjọba kọ́ ibi tí wọ́n á ti máa fọ omi ẹ̀gbin mọ́, ọ̀rọ̀ parí." Àwọn ẹnjiníà ń pe irú ibẹ̀ ní pláǹtì, èmi náà á máa pè é bẹ́ẹ̀. Èmi gan-an rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Kí a tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́, mo sì fẹ́ fi ògì ṣe é.

Bí ìyá wa bá sẹ́ ògì, asẹ́ á kọ́kọ́ gba èérí. Pláǹtì náà ní asẹ́ tirẹ̀: ibẹ̀ ni akísà, ike àti ọ̀rá ń há sí. Lẹ́yìn náà a ó fi ògì sílẹ̀ nínú ìkòkò, á tòrò, ògì á wọlẹ̀, omidùn á dúró lókè. Ìpele kìíní nìyẹn ní pláǹtì: omi ẹ̀gbin á dúró jẹ́ẹ́ nínú kòtò ńlá, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á wọlẹ̀, òróró á léfòó. Ẹ wá bu omidùn yẹn sínú ife gíláàsì. Ó mọ́ lójú. Ẹ tọ́ ọ wò, kíkan ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni omi tó kúrò ní ìpele kìíní rí: ó ti tòrò, ṣùgbọ́n ohun tó yọ́ sínú rẹ̀ kò tíì jáde, kòkòrò àrùn ṣì pọ̀ nínú rẹ̀.

Ìpele kejì ni iṣẹ́ gan-an. Àwọn kòkòrò tó ń jẹ ìgbẹ́ nínú ọ̀sà, tó ń gba èémí lẹ́nu ẹja, a ó kó wọn sínú kòtò tiwọn, a ó máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn tọ̀sán tòru, kí wọ́n jẹ ẹ́ tán níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan tí iná kò sí tó láti ba agbo náà jẹ́, torí ohun ẹlẹ́mìí ni wọ́n. Lẹ́yìn èyí ni pípa kòkòrò àrùn tó ṣẹ́kù. Níbi tí omi bá ti há bí ọ̀sà, ó tún yẹ kí a yọ náítírójìn kúrò. Iṣẹ́ yẹn wọ́n, ṣùgbọ́n bí a kò bá ṣe é, omi tó mọ́ gaara lójú á ṣì máa bọ́ koríko.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìtàn ìlú kan tó ní pláǹtì, tí òkun rẹ̀ sì bàjẹ́.

Mo gbé ní Quincy, ìlú tó fara ti Boston ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, fún ọdún mẹ́fà. Etíkun kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Wollaston. Nígbà tí mo débẹ̀, ọmọdé ń fi iyanrìn kọ́lé, àwọn àgbà ń nasẹ̀. Ìyá àgbà kan tó ń gbé ní òdìkejì ilé mi ló sọ fún mi pé nígbà tí òun ń tọ́ ọmọ, òun kì í jẹ́ kí wọ́n fẹsẹ̀ kan omi yẹn. Ohun tó sọ kò kúrò lọ́kàn mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí.

Pláǹtì méjì ni Boston àti àwọn ìlú tó yí i ká ní létí òkun: ọ̀kan ní Nut Island tí wọ́n ṣí ní 1952, èkejì ní Deer Island tí wọ́n ṣí ní 1968. Ìpele kìíní, ìpele ògì yẹn, ni wọ́n ń ṣe mọ. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ńkọ́? Wọ́n á dúró de ìgbà tí omi òkun bá ń fà lọ, wọ́n á dà á sí i, pé kí ó bá omi lọ. Bí omi bá ń bọ̀, á gbé e bọ̀. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún yọ ẹ̀gbin kúrò nínú omi, wọ́n fi ọwọ́ òsì dá a padà sínú rẹ̀.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí àwọn òṣìṣẹ́ Nut Island. Wọ́n tó ọgọ́rin, wọn kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ wọn débi pé wọ́n a máa fi owó àpò ara wọn ra ohun èlò. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá ní olú ilé iṣẹ́ kì í yọjú, owó àtúnṣe kì í wá, àwọn náà kò sì fẹ́ kí ọ̀gá yọ àwọn lẹ́nu, ni wọ́n bá ń fọgbọ́n lẹ ohun tó bá bàjẹ́. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 1976, ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń fa omi dákẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni ẹ̀gbin tí wọn kò fọ̀ rárá fi ṣàn wọ òkun. Ní 1982, láàárín oṣù mẹ́fà péré, ó lé ní bílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀, ìyẹn nǹkan bíi bílíọ̀nù lítà 14, tí wọ́n tú sí òkun láìfọ̀. Ìdí tí mo fi dúró lórí èyí ni pé níbi tí nǹkan bá ti bàjẹ́, òṣìṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀rọ la máa ń kọ́kọ́ bú. Àwọn yìí ṣe gbogbo ohun tí ọwọ́ lè ṣe. Ẹni tó yẹ kó béèrè ohun tó ń jáde lẹ́nu páìpù ni kò béèrè.

Òfin ńkọ́? Òfin wà. Ní 1972, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí pláǹtì ìlú gbogbo dé ìpele kejì kí ó tó di àárín ọdún 1977. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣí àyè kan sílẹ̀ fún àwọn ìlú etíkun, pé ẹni tí òkun rẹ̀ bá jìn, tó sì ń ṣàn dáadáa, lè tọrọ ìyọ̀ǹda. Ní 1979, Boston tọrọ. Ìwé ń lọ, ìwé ń bọ̀, títí wọ́n fi kọ̀ fún wọn pátápátá ní 1985. Ní gbogbo ọdún yẹn, wọn kò kọ́ ohun tuntun. Ìgbà tí wọ́n fi máa ṣe tán láti kọ́ ọ, owó ìrànwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń pín fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti gbẹ. Owó tí wọn kò fẹ́ ná ló di gbèsè ọmọ wọn.

Ohun tó wá tú u ká ni pé ní 1982, agbẹjọ́rò ìjọba ìlú Quincy, William Golden, ń sáré ìdárayá ní etíkun Wollaston. Ó wo ilẹ̀, ó rí i pé ìgbẹ́ àti ọ̀rá òróró ni òun ń tẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, Quincy ti gbé ọ̀rọ̀ lọ sí kóòtù. Adájọ́ Paul Garrity gbọ́ ẹjọ́ náà. Nígbà tó rí i ní 1984 pé àwọn aṣòfin ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, ó pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe so ilé tuntun kankan mọ́ páìpù ẹ̀gbin mọ́. Àwọn kọ́lékọ́lé kígbe, báńkì kígbe. Kí ọdún yẹn tó tán, àwọn aṣòfin ti dá àjọ tuntun sílẹ̀, MWRA, tí yóò máa bójú tó omi àti omi ẹ̀gbin, pẹ̀lú àṣẹ láti gba owó omi àti láti yá owó. Ní 1985, kóòtù àpapọ̀ dá ẹ̀bi fún àwọn tó ń darí pláǹtì náà. Adájọ́ A. David Mazzone fi ọjọ́ sí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń béèrè àbọ̀ títí ó fi kú ní 2004. Èyí ni mo fi ń bọ̀wọ̀ fún un. Ó ti dájọ́ tán, ó lè lọ sinmi, ṣùgbọ́n ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ń padà lọ wò ó.

Oṣù Ọ̀pẹ 1991 ni wọ́n dẹ́kun dída gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí òkun. Wọ́n kọ́ ìkòkò ńlá méjìlá tó dà bí ẹyin adìẹ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ. Inú wọn ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti ń jẹrà, gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ ń fún pláǹtì ní iná àti ooru, èyí tó kù ń di ajílẹ̀ tí àgbẹ̀ ń lò. Ìpele kìíní tuntun bẹ̀rẹ̀ ní 1995, ìpele kejì tẹ̀ lé e láti 1997. Ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ 2000, wọ́n ṣí ihò abẹ́ òkun kan tó gùn ní máìlì 9.5, tó ń gbé omi tí wọ́n ti fọ̀ lọ sínú òkun jíjìn. Ọkùnrin méjì kú nínú ihò yẹn nígbà tí iṣẹ́ ń parí lọ ní 1999. Àpapọ̀ owó náà sún mọ́ bílíọ̀nù dọ́là mẹ́rin, ara owó omi tí aráàlú ń san ni púpọ̀ jù nínú rẹ̀ ti jáde. Ìwé owó omi wọ́n débi pé àwọn èèyàn ń wọ́de.

Àwọn ará Cape Cod, tó wà ní ìsàlẹ̀ omi, kò fẹ́ ihò náà rárá. Wọ́n ní àṣé ìgbẹ́ Boston ni wọ́n fẹ́ tì sí ọ̀dọ̀ àwọn, sí ibi tí àwọn ẹja àbùùbùtán tó ṣọ̀wọ́n láyé ti ń jẹun. Mo rò pé wọ́n jàre láti bẹ̀rù. Ihò náà ṣí, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ rẹ̀ wá pẹ̀lú ètò àyẹ̀wò: ọkọ̀ ojú omi ń lọ bu omi wò, wọ́n ń wọn náítírójìn àti ọ́síjìn, wọ́n ń la ẹja wò, wọ́n sì ń gbé àbọ̀ jáde fún gbogbo ayé kà. Ní àwọn ọdún 1980, ẹja pẹlẹbẹ tí wọ́n bá mú nítòsí Deer Island a máa ní jẹjẹrẹ nínú ẹ̀dọ̀. Lẹ́yìn tí iṣẹ́ yìí parí, ó pòórá lára wọn. Mo ti rìn yí Deer Island ká, ọ̀nà ìrìn wà níbẹ̀ fún aráàlú. Mo dúró níwájú àwọn ẹyin ńlá yẹn, mo ń gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́ nínú ẹ̀rọ. Ní wákàtí kan tí mo fi wà níbẹ̀, kò dákẹ́ rí.

Ìdákẹ́jẹ́ ni mo bá pàdé ní ilé. Ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ wo pláǹtì kan nínú ẹ́sítéètì kan níbí. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Kòtò tó yẹ kí afẹ́fẹ́ máa hó nínú rẹ̀, omi rẹ̀ dúró, koríko ti bò ó débi pé lékeléke kan ń rìn lórí rẹ̀. Ọlọ́dẹ ibẹ̀ sá ata sórí irin àtẹ̀gùn. Nínú àpótí iná, alángbá ti yé ẹyin sáàárín wáyà. Mo ní, "Bàbá, ìgbà wo ni wọ́n tan ẹ́ńjìnnì yìí gbẹ̀yìn?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, láti ìgbà tí mo ti dé ibí, n kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí." A yí lọ sẹ́yìn ògiri. Páìpù kan wà níbẹ̀, ó ń ṣàn sínú kánáàlì, ohun tó wọlé níwájú náà ló ń jáde lẹ́yìn. Ẹni tó bá ń ka iye pláǹtì tó wà ní Èkó lórí ìwé, á ka èyí mọ́ ọn.

Nítorí náà, bí wọ́n bá wá sọ fún wa pé wọ́n fẹ́ kọ́ pláǹtì, ẹ jẹ́ kí a dúpẹ́, kí a sì béèrè ta ni yóò máa ra dísẹ́ẹ̀lì ní ọdún karùn-ún. Ta ni yóò máa bu omi ẹnu páìpù lọ fún àyẹ̀wò, lẹ́ẹ̀mélòó lóṣù, níbo sì ni a ó ti máa rí àbọ̀ rẹ̀ kà? Níbo ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ń lọ? Kíkọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń wá gé tẹ́ẹ́pù sí. Ẹnikẹ́ni kì í gé tẹ́ẹ́pù nítorí pé wọ́n pààrọ̀ béárìnnì.

Ohun kan wà tó kan àwa fúnra wa, mo sì ní láti sọ ọ́. Bí òjò ńlá bá ń rọ̀ lóru, ta ló ń ṣí ìdérí sọ́kàwéè sí gọ́tà ní àdúgbò yìí?

(Ilé dákẹ́ nígbà tí mo béèrè èyí. Bàbá kan ní iwájú wo ilẹ̀.)

Mo mọ ìdí rẹ̀. Owó tánkà wọ́n, ilẹ̀ wa sì kún fún omi, sọ́kàwéè kì í pẹ́ kún. Ṣùgbọ́n gọ́tà wa kò ní ibi méjì tó ń lọ ju ọ̀sà lọ, òun náà sì ni ẹja àpò àti edé tí a ń rà ní Òyìngbò ti ń jáde.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan dìde. Ó ní, "Bùọ̀dá, a kò ní owó Amẹ́ríkà. Kí la fẹ́ ṣe?" Ìbéèrè gidi ni. Mo dá a lóhùn pé Boston náà kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó, ẹnìkan ló kọ́kọ́ wo ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tó sì lọ béèrè. Mo ní owó wà tí àwa ń san báyìí: a ń sanwó fún tánkà. Ẹni tó bá sanwó ní ẹ̀tọ́ láti mọ ibi tí wọ́n gbé ẹrù rẹ̀ lọ. Bí onílé ogún bá fẹnu kò pé àwọn kò ní pe tánkà tí kò lè mú ìwé ẹ̀rí wá láti ibi tó ti lọ já a, awakọ̀ tó ń lọ sí etí omi lóru á ronú. Ìyá náà ní, "Bí kò bá ní ìwé ńkọ́?" Mo ní kí a pe ẹlòmíràn. Ó ní, "Bí gbogbo wọn kò bá ní ńkọ́?" Mo ní nígbà náà a ó kọ orúkọ gbogbo wọn sílẹ̀, a ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ tó ń mójú tó omi ẹ̀gbin, a ó sì lọ ní àwa ogún.

Alága àwọn onílé ti gbà kí a sọ ọ́ ní ìpàdé Sátidé tó ń bọ̀. Ìyá ẹlẹ́ja náà ní òun ń bọ̀, ó ní kí wọ́n fi àga sílẹ̀ fún òun níwájú.